Ṣé mo lè lọ síbi òkú àna wa láìra aṣọ ẹbí?

Ìyá Ìbejì, Iléṣà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá ìyàwó àbúrò mi ló ṣaláìsí. Ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà, ₦65,000, gèlè ₦12,000 lọ́tọ̀. Owó ìránṣọ ò sí níbẹ̀. Kí n tó dá wọn lóhùn, mo lọ ṣí àpótí mi. Aṣọ ẹbí mẹ́tàdínlógún ni mo kà, láàárín ọdún méjì. Mọ́kànlá nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ wọ́n. Ti ìsọmọlórúkọ kan wà níbẹ̀ tí mi ò rántí ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ mọ́. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Ohun tó gbé mi dé ìdí àpótí náà ni ìwé Henry David Thoreau, ará Amẹ́ríkà kan. Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ifẹ̀ ló gbé e wálé. Ní 1845, ọkùnrin yìí kọ́ ilé onípákó oníyàrá kan sí etí adágún Walden, lẹ́bàá ìlú Concord, ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì àti oṣù méjì. Gbogbo owó tó fi kọ́lé ló kọ sílẹ̀, títí kan owó ìṣó àti owó ẹfun. Dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó wá ní ká máa ṣọ́ra fún ohunkóhun tí a ò bá lè dáwọ́ lé àfi tí a bá ra aṣọ tuntun. Mo pa ìwé dé. Ó ṣe mí bíi pé inú àpótí mi ló ń wò.

Èmi náà kọ tèmi sílẹ̀: ₦412,000 lọ́dún kan, aṣọ nìkan. Owó yẹn ì bá ti tún òrùlé abà bàbá mi ṣe, èyí tó wà lọ́nà Ìfẹ̀wàrà. Ní Sátidé ni mo máa ń lọ síbẹ̀. Igi obì méjì ló wà lẹ́yìnkùlé, odò kékeré kan ń ṣàn nísàlẹ̀, ìgbín a sì máa rọra gun ògiri lẹ́yìn òjò. Tí mo bá jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè mí, mo máa ń gbọ́ ohun tí ọkàn mi ń sọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Tí n ò bá ra aṣọ yìí, ṣé mo ti yọ ara mi kúrò nínú ẹbí nìyẹn? Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ fún àbúrò mi, kò dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ àwa náà là ń sọ pé èèyàn laṣọ. Mi ò fẹ́ wà níhòòhò.

Bàbá Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí púpọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ńṣe ló sá fún ẹ̀dá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ralph Waldo Emerson, ló ni ilẹ̀ tó kọ́lé sí. Àwọn ojúlùmọ̀ ló bá a gbé igi ilé náà nàró. Àga mẹ́ta ló wà nínú ilé: ọ̀kan fún ìdánìkanwà, èkejì fún ọ̀rẹ́, ẹ̀kẹta fún àwùjọ. Lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì síra wọn, ó ń rìn lọ sáàárín ìlú lọ gbọ́ ohun tó ń lọ.

Òótọ́ ni pé Emerson ti kọ ọ́ ní 1841 pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ èèyàn gidi kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ síbi tí gbogbo ayé bá tẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Ní oṣù keje 1846, wọ́n ti Thoreau mọ́lé fún alẹ́ kan nítorí pé kò san owó orí. Ìjọba tó fàyè gba kíkó èèyàn lẹ́rú, tó tún ń bá Mẹ́síkò jagun, Thoreau ò fẹ́ kí owó òun wọ àpò rẹ̀. Ẹnì kan bá a san án, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin kan náà yìí ló kọ ọ́ pé òun ò kọ owó títún ọ̀nà ṣe rí, nítorí òun fẹ́ jẹ́ aládùúgbò rere.

Owó orí ló kọ̀, kò kọ owó ọ̀nà. Nínú ìnáwó òkú yìí, èwo ni owó orí, èwo sì ni owó ọ̀nà? Ẹ fara balẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ mọ́.

Aláṣọ Àtàkúmọ̀sà:
Aṣọ ni mo ń tà. Màmá mi tà á, bàbá wọn sì jẹ́ òṣómàáló tó ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó ń ṣòkú kì í sábà lówó lọ́wọ́. Àwìn ló máa ń gba aṣọ lọ́wọ́ wa, á fi èrè díẹ̀ lé e, èrè yẹn ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì àti ẹran. Oníbàárà mi kan gba 80 lọ́dún tó kọjá, 31 ló kó padà síwájú mi. A jọ sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù ni.

Nítorí náà, má bá wọn dákẹ́, màmá. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń ba ilé jẹ́. Sọ fún wọn nísinsìnyí, kí wọ́n má baà ka aṣọ mọ́ ọ lórí. Kí o sì fún wọn ní iye tí wọn ì bá jẹ lérè lórí tìrẹ, kò ju ₦10,000 sí ₦15,000 lọ. Bàbá Olùkọ́, mo rò pé owó ọ̀nà nìyẹn.

Àgbẹ̀ Kòkó, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà:
Walden yìí ò jìnnà sí wa. Bàbá mi a máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábà pẹ̀lú aṣọ oko kan ṣoṣo. Tí ọdún bá dé, wọ́n á wálé. Wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ẹni tó níná nílé, kí ló fẹ́ fi ìṣáná ṣe? Àmọ́ kí iná ilé má kú o, torí ibẹ̀ la ti ń mú un.

Ẹ̀wà ni Thoreau gbìn jù lọ lóko tiẹ̀. Ẹranko kan tó ń gbẹ́ ihò gbé bíi òkété jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin èkà kan mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan sí abà yẹn, ẹ kọ́kọ́ ṣọgbà.

Ìyá Ìbejì, Iléṣà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyàwó àbúrò mi fúnra rẹ̀ ni mo pè lánàá, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Mo ní mi ò ní lè ra léèsì, àdìrẹ tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi ni máa wọ̀. Mo ní máa mú ₦15,000 wá àti kẹ́ẹ̀gì epo méjì láti abà, máa sì ti wà nídìí ìkòkò láti aago mẹ́rin ìdájí. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ pè mí. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àwọn ń bọ̀ wá gbà á." Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Àbúrò mi ò tíì pè. Máa lọ bá a nílé lọ́jọ́ Àìkú.

Àgbẹ̀ Kòkó, ẹ jọ̀wọ́, páànù mélòó ló máa tó òrùlé yàrá méjì?