Ta ló ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí bí a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún 6 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa pè mí, ó ní n kì í wojú òun tí òun bá ń bá mi wí, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì mi. Bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ mi, ta ni yóò tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí? Ó dùn mí wọra. Àtìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ń wù mí kí n kàwé lórí ẹ̀ títí dé ipò ọ̀mọ̀wé. Bàbá mi ní ṣé wọ́n ń fi ìyẹn jẹun? Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Fásitì
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ mi nìyí, wọ́n sì ń fi í jẹun.

Ní pápákọ̀ òfurufú ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin ará Íńdíà àti Pakistan ń bu oúnjẹ fún àwọn aláàárù. Àwọn aláàárù ní àwọn obìnrin náà ń yájú. John Gumperz, onímọ̀ èdè kan, tẹ́tí sí wọn, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1982. Ọ̀rọ̀ kan lásán ló fà á: “gravy”, ìyẹn ọbẹ̀! Òyìnbó tó bá fẹ́ bu ọbẹ̀ síni lóúnjẹ á gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìbéèrè nìyẹn. Àwọn obìnrin yìí ń rẹ ohùn wálẹ̀, létí Òyìnbó ó wá dà bí “ọbẹ̀ rèé, ìwọ ló mọ̀”. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ téèpù, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Àwa tí ohùn ń sọ ọkọ́ di ọkọ̀ fún, ó yẹ kó yé wa.

Nítorí náà, ẹ má fi “àṣà Yorùbá” bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó bá fi “àṣà” bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dá a padà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ta ló sọ̀rọ̀? Kí ló sọ gan-an? Kí ni ẹnìkejì fi dáhùn? Janet Holmes, onímọ̀ èdè, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wellington, ní New Zealand, bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí lọ́dún 1996, òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n kó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún, kí wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbàṣẹ o! Ilé ìwòsàn le, torí aláìsàn. Oṣù 8 ni mo fi dúró de ìwé àṣẹ tèmi.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ọdún 6 ni mo fi kà á, mò ń ṣiṣẹ́ lọ.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ọmọ mi, ní sẹkitéríàtì Ìbàdàn, mo fi ọdún 12 ju ọ̀gá mi lọ. “Ẹ” ni mò ń sọ fún un, “ẹ” lòun náà ń sọ fún mi. Ọjọ́ tó bá ń bínú, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bọ́ sí, torí “you” ò mọ àgbà. Kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, nọ́ọ̀sì kan wà tó jù mí lọ dáadáa, èmi ni mo sì ń pín iṣẹ́ fún un. Lójú Òyìnbó, “could you” ni. Tó bá ku àwa méjì, “ẹ bá mi, mà”. N ò kíyè sí i rí. Mo ti ra ìwé kékeré kan.