Ẹ̀gbọ́n mi gba gbogbo fídíò ogun gbọ́: báwo ni kí n ṣe bá a sọ̀rọ̀?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, máa ń fi fídíò ogun tó ń jà ní ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí lójoojúmọ́. Láìpẹ́ yìí, ó fi èyí tí wọ́n ti yìnbọn já ọkọ̀ òfurufú bọ́ ránṣẹ́, mo sì rí i pé inú eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Arma 3 ni wọ́n ti gé e. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, inú bí i, ó ní mo ti ń gbè sẹ́yìn ọ̀tá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ilẹ̀ náà rí, síbẹ̀ ìjà rẹ̀ ti wọ àárín wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ má ṣe já a nírọ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀ mọ́. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ìtàn ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1990 fún un, nígbà tí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan fi omijé sọ fún àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pé òun rí àwọn ọmọ ogun Ìráàkì tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ìkókó kúrò nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ní ilé ìwòsàn kan ní Kùwéètì, tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ láti kú. Ààrẹ Bush àgbà tún ìtàn yìí sọ léraléra kí ogun tí Amẹ́ríkà bá Ìráàkì jà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1992 ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé ọmọ aṣojú Kùwéètì ní Amẹ́ríkà ni ọmọbìnrin náà, àti pé ilé iṣẹ́ tó ń gbowó ṣe ìpolongo ló bá wọn ṣètò ẹ̀rí náà. Àwọn tó ṣèwádìí kò sì rí ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àánú ni wọ́n fi mú àwọn èèyàn yẹn, kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Bí ẹ bá fi yé e bẹ́ẹ̀, ojú kò ní tì í.

Ìdáhùn kejì: Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ̀gbọ́n wa má lọ máa pe gbogbo ìròyìn ní irọ́. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé àwọn ará Jámánì ń se òkú àwọn ọmọ ogun wọn láti fa ọ̀rá jáde. Ní 1925, Austen Chamberlain, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nílé aṣòfin pé ìjọba òun gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìròyìn bí àwọn Nazi tó ń ṣàkóso Jámánì ṣe ń pa àwọn Júù wá jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan rántí irọ́ ọjọ́un, wọ́n sì rò pé irú rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìròyìn ti àwọn Nazi yìí.

Ìdáhùn kẹta: Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi àwòrán wá orísun rẹ̀ lórí Google. Ojú lásán kò tó mọ́: ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n gbé fídíò ayédèrú kan jáde bíi pé Zelensky, ààrẹ Ukraine, ń ní kí àwọn ọmọ ogun òun kó ohun ìjà sílẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn fídíò tó ní ọmọdé nínú ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́ jù lóòótọ́. Màá lọ bá a nílé, èmi nìkan. Bí fídíò bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́, tó sì jẹ́ ti ogun mìíràn?

Ìdáhùn kejì: Ẹ fi ibi tí wọ́n ti yà á àti ọdún rẹ̀ hàn án, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá ni àwọn ẹbí yóò gbà.