Bí ẹ̀rọ bá ti lè ka jíìnì, kí ni patọ́lọ́jì ń ṣe nínú ìṣègùn aṣewẹ́kú?

Akajíìnì béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ìṣègùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ àbájáde wò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ka DNA inú kókó jẹjẹrẹ tán. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é, n kì í sì í fojú kan ẹran ara tí wọ́n ti yọ DNA náà. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan lára àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ìṣègùn aṣewẹ́kú, ìyẹn èyí tó ń fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní oògùn tó bá ohun tó ń fa àrùn tirẹ̀ gan-an mu, yóò sọ patọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀ka ìṣègùn tó ń yẹ ẹran ara àti sẹ́ẹ̀lì wò láti mọ àrùn, di ohun àtijọ́, nítorí pé bí a bá ti mọ jíìnì tó bàjẹ́, kò tún sí ohun tí wíwo sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ máíkírósíkópù fẹ́ fi kún un. Síbẹ̀, gbogbo ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ló ní ibi tí onímọ̀ patọ́lọ́jì ti kọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti iye sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà níbẹ̀, a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ibẹ̀ bá ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni patọ́lọ́jì ń ṣe tí ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì kò lè ṣe? Ṣé àṣà àtijọ́ tí a kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ ni, àbí ìtọ́jú aláìsàn yóò yàtọ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò?

Onímáíkírósíkópù fèsì:

Ẹ kú ìbéèrè, Akajíìnì. Ìtọ́jú yóò yàtọ̀, ó sì lè yàtọ̀ débi pé oògùn tó lágbára yóò lọ sára ẹni tí kò ní ṣe láǹfààní kankan, nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbà á kò ní rí i gbà.

Ẹ̀rọ kì í yan ohun tí yóò kà. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń kà. Ẹran tí wọ́n gé lára kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó wá bá jẹjẹrẹ jà wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àpá líle wà níbẹ̀, ibi tó ti kú náà sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé gíláàsì sábẹ́ máíkírósíkópù, tí mo ń fi kálàmù yí ibi tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti pọ̀ jù lọ ká, tí mo sì ń kọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ló jẹ́ ti jẹjẹrẹ. Ibi tí mo yí ká yẹn ni àwọn ará láàbù yóò fi abẹ ha kúrò lórí àwọn gíláàsì tó tẹ̀lé e, òun ni wọn yóò sì yọ DNA rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka àbájáde mọ ìṣirò tó tẹ̀lé e dáadáa: bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹ̀dà méjì jíìnì náà ló yí padà, nǹkan bí ìdá 10 péré nínú ohun tí ẹ̀rọ kà ni àyípadà náà yóò jẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá jẹ́ ìdá 4, ìdá 2 ni yóò jẹ́, èyí tó ti sún mọ́ àṣìṣe tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Bí a kò bá mọ iye sẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá kọ ọ́ pé “a kò rí àyípadà” kò lè sọ bóyá kò sí ni, àbí jẹjẹrẹ tó wà níwájú ẹ̀rọ ni kò tó.

Ẹ wá wo jẹjẹrẹ ọmú. Ọdún 1998 ni FDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn trastuzumab fún jẹjẹrẹ ọmú tí púrótéènì HER2 ti pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí àyẹ̀wò tó ń fi púrótéènì náà hàn lára ẹran pẹ̀lú rẹ̀. Bí aró àyẹ̀wò náà bá mú, àwọ̀ búráùn ni a máa ń rí létí sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá dúdú, tó yí sẹ́ẹ̀lì po pátápátá, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ohun tó ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, 3+ ni a ń kọ. Bí kò bá dá wa lójú, 2+ ni, a ó sì lọ ka iye ẹ̀dà jíìnì HER2 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n lórí gíláàsì kan náà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ṣì há mọ́ inú ọ̀nà tí wàrà ń gbà, tí kò tíì ya wọ inú ẹran tó yí i ká, lè gba aró náà gan-an, kí èyí tó ti ya wọ inú ẹran má sì gbà á rárá. Èyí tó ti ya wọ inú ẹran ni a ń tìtorí rẹ̀ wá trastuzumab, òun nìkan ni a sì ń fún ní máàkì. Bí a bá lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀rọ tó wò ó, èsì lè sọ pé HER2 pọ̀, a ó sì fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ máa pa làpálàpá.

Irú jẹjẹrẹ náà tún ń yí ìtumọ̀ àyípadà jíìnì padà. BRAF V600E, àyípadà kan nínú jíìnì BRAF, wà nínú jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma, ó sì wà nínú àwọn kan lára jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Vemurafenib, oògùn tó ń dènà BRAF, tí FDA fọwọ́ sí ní ọdún 2011, mú kí kókó melanoma nǹkan bí ìdajì àwọn tó lò ó sún kì. Nínú jẹjẹrẹ ìfun ńlá, òun nìkan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan, nítorí pé bí a bá ti dí ọ̀nà BRAF níbẹ̀, EGFR, púrótéènì mìíràn tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i, yóò tún jí ọ̀nà náà dìde. Ìgbà tí wọ́n fi cetuximab, tó ń dènà EGFR, kún encorafenib, oògùn mìíràn tó ń dènà BRAF, ni ó tó so èso, wọ́n sì fọwọ́ sí àpapọ̀ méjèèjì ní ọdún 2020. Lẹ́tà jíìnì kan náà ni ẹ̀rọ kà nínú àìsàn méjèèjì.

Ará Láàbù fèsì:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Mo fẹ́ kí Akajíìnì tún mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí gíláàsì tó dé abẹ́ máíkírósíkópù, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èsì ti ń bàjẹ́.

Láti ìgbà tí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé ẹran kúrò lára ni ohun inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ. Ìlànà tí ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, àti CAP, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ patọ́lọ́jì níbẹ̀, gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò HER2 ni pé kí ẹran ọmú wọ inú fọ́málíìnì, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, láàárín wákàtí 1, kí ó sì lo wákàtí 6 sí 72 nínú rẹ̀. Fọ́málíìnì kì í tètè wọlé; nǹkan bí mìlímítà kan ló ń rìn ní wákàtí kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ju odindi ọmú tí wọ́n gé sínú ike fọ́málíìnì láì là á, etí rẹ̀ yóò ti gan, àárín rẹ̀, níbi tí kókó wà, yóò sì máa jẹrà lọ títí di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ohun tó ti jẹrà padà. Bí jẹjẹrẹ bá wà nínú egungun, tí a sì fi ásíìdì líle rọ egungun náà kí a lè gé e, DNA inú rẹ̀ yóò fọ́ yángá. EDTA, oògùn tó ń rọra rọ egungun, ni ó yẹ kí a lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́.

Fọ́málíìnì náà ní ìpalára tirẹ̀. Ó ń já DNA sí wẹ́wẹ́, ó sì lè sọ lẹ́tà C di ohun tí ẹ̀rọ yóò kà sí T. Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ C tó di T ní ìwọ̀n kékeré káàkiri àbájáde kan, ẹ béèrè ọjọ́ orí ẹran náà àti bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní ti jẹjẹrẹ.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń ká mi lára jù. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà fi ń mú ẹran ibẹ̀, ohun tó sì ń jáde kì í nípọn ju fọ́nrán òwú lọ. Inú rẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ mọ irú jẹjẹrẹ, kí a ka àwọn jíìnì EGFR, ALK àti ROS1, kí a sì wo PD-L1, púrótéènì tí jẹjẹrẹ fi ń sá fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. Ìgbàkígbà tí a bá gbé ìda tí a fi dì í padà sórí ẹ̀rọ tó ń gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a óò gé díẹ̀ dànù kí ojú rẹ̀ tó tún tẹ́. Nítorí náà, a máa ń gé gbogbo gíláàsì tí a ó nílò lẹ́ẹ̀kan náà, onímọ̀ patọ́lọ́jì tó bá sì mọṣẹ́ yóò fi aró méjì péré mọ irú jẹjẹrẹ náà, kí ẹran tó ṣẹ́kù lè tó fún jíìnì.

Akajíìnì fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. N kò mọ̀ pé fọ́málíìnì ló ń fa àwọn C sí T wọ̀nyẹn. Ohun méjì ló kù tó ń ṣe mí ní kàyéfì. Èkíní, oògùn wà báyìí tí wọ́n ń fún aláìsàn nítorí jíìnì nìkan, ibi yòówù kí jẹjẹrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìyẹn kò fi hàn pé irú jẹjẹrẹ kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ mọ́? Èkejì, a ti ń rí DNA jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó, kí ni a tún ń gé ẹran fún?

Dókítà Jẹjẹrẹ fèsì:

Èmi ni mo ń kọ oògùn fún aláìsàn, torí náà mo ń dáhùn láti ibi tí èsì yín ń dé sí.

Lóòótọ́, ní ọdún 2017, FDA fọwọ́ sí pembrolizumab, oògùn tó ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara lọ́wọ́, fún jẹjẹrẹ tí agbára àtúnṣe DNA inú rẹ̀ ti bàjẹ́, láì wo ẹ̀yà ara tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí onímọ̀ patọ́lọ́jì wo púrótéènì mẹ́rin, MLH1, PMS2, MSH2 àti MSH6, lára ẹran. Bí ọ̀kan bá pòórá nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, yóò kọ́kọ́ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbádùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn yẹn bá gba aró, tí ti jẹjẹrẹ kò gbà á, púrótéènì náà ti sọnù lóòótọ́. Bí wọn kò bá gbà á pẹ̀lú, aró ni kò ṣiṣẹ́, a ó sì tún àyẹ̀wò ṣe. Oògùn tí kò béèrè ibi tí jẹjẹrẹ ti wá ṣì ń béèrè patọ́lọ́jì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wúlò gidigidi, mo sì máa ń lò ó. Ọdún 2016 ni FDA kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún EGFR nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá rí àyípadà náà, mo lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí kò bá rí i, n kò lè gbára lé e, nítorí pé àwọn kókó kan kì í da DNA tó pọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà a ó padà sídìí ẹran. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn àgbàlagbà lè ní àyípadà jíìnì tirẹ̀ tí yóò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé ti jẹjẹrẹ ni.

Èyí tó gbọ́dọ̀ yé gbogbo ẹni tó ń ka jíìnì ni ti aláìsàn tí oògùn EGFR ti ń ràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tí àìsàn náà wá gbérí padà. Nínú díẹ̀ lára wọn, jẹjẹrẹ náà ti yí padà di irú tí wọ́n ń pè ní small cell, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, tí ó dúdú, tí ó sì ń yára pọ̀. Àyípadà EGFR tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá wo EGFR nìkan lè rò pé àìsàn àná náà ni, ṣùgbọ́n onímọ̀ patọ́lọ́jì á rí i lójúkan náà pé àìsàn mìíràn ti dé. Oògùn EGFR nìkan kò ní ká a mọ́. Platinum pẹ̀lú etoposide, àwọn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀, ni mo sábà máa ń kọ fún un.

Onímáíkírósíkópù fèsì:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Dókítà sọ. Mo fi èyí kún un fún Akajíìnì, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà: ìdá sẹ́ẹ̀lì tí a ń kọ ránṣẹ́, ojú ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀, onímọ̀ méjì sì lè wo gíláàsì kan kí iye tí wọ́n kọ má bára mu. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà á láì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá kọ ìdá 60, tí gbogbo àyípadà tí ẹ rí sì wà ní ìdá 3, ẹ pè wá kí ẹ tó fi èsì ránṣẹ́ sí dókítà. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n ha kì í ṣe ibi tí mo yí ká, ó lè jẹ́ pé apá kan kókó náà nìkan ló ní àyípadà yẹn, ó sì lè jẹ́ pé ẹran aláìsàn mìíràn ló bọ́ sínú ike. A ó gbé gíláàsì náà padà sábẹ́ máíkírósíkópù, a ó fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti ìda, bí ó bá sì yẹ, a ó gé tuntun.