Ṣé kí n máa hú sábárà kúrò nínú oko jéró mi, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Bàbá Káfáyà (Dáúrà):
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Mo gba ilẹ̀ oníyanrìn kan tí mo ń gbin jéró àti ẹ̀wà sí, igi kúkúrú tí àwọn Hausa ń pè ní sábárà sì kún inú rẹ̀. Kí òjò tó dé, àwọn alágbàṣe máa ń gé e, wọn á kó ẹ̀ka rẹ̀ jọ, wọn á sì dáná sun ún, nítorí lójú tiwọn, oko tí sábárà bá wà nínú rẹ̀ oko ọ̀lẹ ni. Síbẹ̀, jéró tó wà nítòsí kùkùté rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀ ju ti àárín oko lọ. Ṣé igi náà ló ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, àbí ibi tí ilẹ̀ ti dára tẹ́lẹ̀ ló kàn hù sí?

Ìyá Ìbejì (Kánò):
Bàbá Káfáyà, ẹ kú iṣẹ́ oko. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ igi náà kò kéré. Lásìkò ọyẹ́, ìdí sábárà ni eruku àti ewé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri ti ń rí ibi dúró sí. Ewé tirẹ̀ náà á jábọ́ lé wọn, ikán á sì fọ́ gbogbo rẹ̀ wọnú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà rí i pé lóru, gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa omi láti ìsàlẹ̀ wá sínú ilẹ̀ òkè tó ti gbẹ, jéró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń mu níbẹ̀. Nínú oko ìdánwò wọn, wọ́n jẹ́ kí igi náà tó nǹkan bí 1,500 lórí hẹ́kítà kan, bẹ́ẹ̀ oko àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà ní ju 300 lọ. Wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ wẹ́wẹ́ tẹ́ sórí ilẹ̀ dípò kí wọ́n sun ún, jéró sì so sí i, àní níbi tí wọn kò fi ajílẹ̀ sí.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn:
Òótọ́ lẹ sọ, mà, àmọ́ kí Bàbá má retí ohun tó pọ̀ jù. Sábárà kì í fa náítírójìn, èròjà tó ń mú kí ewéko dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀wà ti ń ṣe. Ńṣe ló ń kó ọ̀rá jọ láti àyíká àti láti ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ máa da ìgbẹ́ màlúù sí àárín oko. Ní ti iná, èéfín ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn ewé lọ, ìjì á sì gbá eérú tó ṣẹ́kù.

Bàbá Káfáyà:
Ẹ ṣeun. Ṣé kò ní bo jéró lójú?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gé e kanlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbìn, kí ẹ sì tún un gé nígbà ìroko, ṣùgbọ́n ẹ má hú kùkùté rẹ̀. Irú ìtọ́jú kùkùté bẹ́ẹ̀ ni Tony Rinaudo, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn àgbẹ̀ Máràdí ní orílẹ̀-èdè Niger, ní òdìkejì ààlà yín, láti máa ṣe ní nǹkan bí ọdún 1983. Ẹ kọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ o, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ lè ti fojú sí ẹ̀ka náà fún igi ìdáná.