Laptop tí mo fi ń ta póka: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nípa laptop tí èèyàn lè fi ta póka, eré káàdì, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí owó tí mo ná sí laptop àkọ́kọ́ ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra ti géèmù, pé òun ló lágbára jù. Mo gbà. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ, fáànù inú rẹ̀ ń pariwo, bí iná bá sì lọ, bátìrì rẹ̀ kì í lò tó wákàtí kan. Graphics card ńlá inú rẹ̀, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù, ló gbé owó rẹ̀ lọ sókè, póka ò sì lò ó. Káàdì méjì lọ́wọ́, márùn-ún lórí tábìlì, kí la fẹ́ fi graphics card ṣe níbẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ kan n'Íbàdàn, mo wà nínú ìdíje, àwa tó kù ò pọ̀ mọ́, ṣíìpù mi, ìyẹn àmì owó tá a fi ń ta, sì pọ̀ dáadáa. Ni iná bá lọ. Router kú. Mo sáré tan hotspot fóònù mi, mo ń ta lọ. Kò pẹ́ náà ni ojú laptop ṣú. Ìdíje kì í dúró de ẹnikẹ́ni: wọ́n á máa pín káàdì fún ẹ, wọ́n á máa bá ẹ fold (ìyẹn ni pé wọ́n á bá ẹ ju káàdì ẹ sílẹ̀), wọ́n á sì máa yọ blind, owó tó jẹ́ dandan, nínú ṣíìpù ẹ nígbàkígbà tó bá kàn ẹ́. Nígbà tí iná fi máa dé, tèmi ti tán. Mi ò lè sùn mọ́jú ọjọ́ yẹn.

Mo forí lé Computer Village n'Íkẹjà, mo ra ThinkPad T480 tòkunbọ̀. Bátìrì méjì ló ní. Èyí tó wà lábẹ́ ṣe é yọ pààrọ̀ láì pa laptop, torí ti inú á gbé e ró. Mo wá ra òmíràn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: T480 tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366 × 768 wà lọ́jà, èyí tó jẹ́ 1920 × 1080 náà wà, ìta wọn ò sì yàtọ̀. Ẹ tàn án, kí ẹ wo Display settings kí ẹ tó sanwó. Lórí 1920 × 1080, tábìlì póka mẹ́rin máa jókòó láì gun ara wọn. Lórí 1366 × 768, wọ́n á gun ara wọn tàbí kí wọ́n kéré jù, ọwọ́ ẹni sì lè ṣèèṣì tẹ Call (láti san iye tí wọ́n ta) níbi tó ti fẹ́ tẹ Fold.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Iná kọ́ ló dà mí láàmú ní tèmi. PokerTracker, software tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ póka, ni mò ń lò, gbogbo ọwọ́ (ìpín káàdì kọ̀ọ̀kan) tí mo bá ta ló ń kọ sínú database. Lórí hard disk àtijọ́ àti RAM 4GB, tábìlì á kàn dì gbagidi, aago tó ń ka àsìkò tí mo ní láti ṣe ìpinnu á sì máa ka lọ. Mi ò ra laptop tuntun. SSD, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, ni mo ní kí wọ́n bá mi fi sí i, mo sọ RAM di 8GB, ó tán síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka òfin ibi tẹ́ ẹ ti ń ta o, torí àwọn kan ò fẹ́ rí irú software bẹ́ẹ̀ rárá.

*

Ẹ ṣé gan-an, àbúrò mi. RAM 8GB náà ló wà nínú tèmi. Router ló kù. Mini UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé e ró bí iná bá lọ, ni mo fi gbé e báyìí.