Kí la máa pe wíwo ẹyẹ àti ẹranko inú oko? "Àyẹkowò" ni tèmi o

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń kàwé l'Ákọkà gbé wá, pé kí la máa pè é tí àwọn onísáyẹ́ǹsì bá wọ oko olóko láti mọ ẹyẹ àti ẹranko tó ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń dínkù àti ibi tó yẹ kí wọ́n ti dáàbò bò ó. Ẹnì kan ní "ìkà ẹranko", ẹlòmíì ní "ìwádìí ẹran igbó", ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ísàlẹ̀ Èkó ní ká kúkú pè é ní "sọ́fè" torí ó ti di Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó bá rí "ìkà ẹranko" nínú ìwé ìròyìn, ìwà ìkà sí ẹranko ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Yàtọ̀ síyẹn, kì í ṣe kíkà ni gbogbo iṣẹ́ yẹn. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ẹyẹ ní Nàìjíríà láti 2015, ṣe ni wọ́n gé máàpù sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9 níbùú lóròó, ẹni tó bá wọ inú ẹ̀ á lo wákàtí 2 ó kéré tán, gbogbo irú ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbóhùn ẹ̀ ló máa kọ sílẹ̀ bó ṣe ń bá wọn pàdé, wọn ò bi í léèrè pé mélòó ni. Ní Ìlú Ọba wọ́n ń kà lóòótọ́, 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí, àmọ́ ojú ìlà méjì péré ni wọ́n ń rìn nínú kìlómítà kan níbùú lóròó.

"Ẹran igbó" ńkọ́? Létí ará Èkó, ẹran ìgbẹ́ nìyẹn, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló wà. Kí ló dé tá a tún ń lé wọn lọ sígbó nígbà tó jẹ́ oko ni wọ́n wà? Àwọn bàbá wa ní àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Orí ebè o, kì í ṣe orí igi ìrókò. Wọ́n mọ̀ pé inú oko ni àparò ń gbé.

Ti sọ́fè ló ká mi lára jù. Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì. Bó ṣe ní "ẹ kú iṣẹ́ o, sọ́fè la wá ṣe" báyìí, ìyá tó ń gé ṣọkọ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní ta ló rán yín, ṣé gọ́ọ́mẹ́ǹtì ló fẹ́ gba ilẹ̀ ni àbí ọmọ onílẹ̀. L'Ékòó yìí, ìwé ilẹ̀ ni sọ́fè. Mo yáa ní, "Màmá, ẹ má bínú, oko la wá yẹ̀ wò, àwọn ẹyẹ inú ẹ̀ la fẹ́ mọ̀." Ojú wọn bá wálẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló nawọ́ sí lékeléké tó ń tẹ̀lé ọkùnrin tó ń kọ ebè lẹ́yìn, tó ń ṣa kòkòrò níbi tí ọkọ́ bá ti hú ilẹ̀, wọ́n tún ní ẹyẹ kékeré kan wà tó máa ń bà sínú koríko etí kànáà, látìgbà tí wọ́n ti dáná sun koríko yẹn àwọn ò rí i mọ́. Ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń wá kiri gan-an nìyẹn! Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Ìlú Ọba mọ̀ pé ẹyẹ oko wọn ti dínkù ju ìdajì lọ láti 1970, tí wọ́n fi ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá fi koríko etí oko sílẹ̀.

Torí náà "àyẹkowò" ni mo fọwọ́ sí, bí àyẹ̀wò, ká kàn ki oko bọ àárín. Àyẹkowò ẹyẹ, àyẹkowò ẹranko. Àǹtí wa kan ti ní ó máa dà bí ìgbà tí àwọn àgírík bá wá wo kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Ìdí tí mo fi ní ká so ẹyẹ tàbí ẹranko mọ́ ọn nìyẹn, kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú mọ́.

Ó ku ohun tá a máa pe "species" lédè Yorùbá, bóyá "ẹ̀yà" ni tàbí "irú". Ẹ̀yà ni mo fara mọ́, àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, torí ẹyẹ tí à ń pè ní ẹ̀gà ju ẹ̀yà kan lọ dáadáa, orúkọ kan ṣoṣo la sì fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọdẹ tàbí àgbẹ̀ àgbà nílé, ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú pàápàá, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lórúkọ tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbí pẹ̀lú àmì ohùn.