Ẹ sọ ìrírí yín: ṣé yíyí àwọ̀ ojú fóònù padà nítorí ojú tó ń dunni máa ń kan bátìrì?

Oníléèsì Balógun: Ìmọ́lẹ̀ funfun ń ta mí lójú, ni ọmọ mi bá bá mi yí àwọ̀ fóònù padà, tí funfun di dúdú, tí lẹ́tà sì tóbi sí i. Ìsọ̀ mi kọjú sí oòrùn, bátìrì mi kì í sì í kọjá aago méjì ọ̀sán tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ń bá mi dé ilé ní Èbúté Mẹ́ta. Ṣé àyípadà yìí ló fà á?

Ará Ṣómólú: Mo ti yí tèmi padà láti oṣù mẹ́ta, n kò sì rí ìyàtọ̀ kankan.

Atúnfóònùṣe Ọ̀tìgbà: Ẹ̀gbọ́n, fóònù wo lẹ ń lò? Ojú LCD ní iná kan lẹ́yìn tó ń tàn kárí, ìbáà jẹ́ dúdú lẹ ń wò tàbí funfun, nítorí náà bátìrì kò mọ ìyàtọ̀. Ti OLED kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán ló ń tàn fúnra wọn, èyí tó bá sì dúdú pátápátá ti kú nìyẹn. OLED ni iPhone X ti 2017, LCD sì ni iPhone 11 ti 2019, torí náà ẹ má fi ọjọ́ orí fóònù dájọ́.

Ará Ṣómólú: iPhone 11 gan-an ni tèmi. Ó ti yé mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka: Ìyá, oòrùn ìsọ̀ yín wà lára ohun tó fà á, nítorí inú oòrùn ni fóònù ti ń tan gbogbo agbára rẹ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n lórí OLED ní 2021: bí ìmọ́lẹ̀ bá wà láàárín ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 3 sí 9 péré nínú agbára bátìrì ni àwọ̀ dúdú ń dá sí, bí ó bá dé 100, ó ń dá ìdá 39 sí 47 sí.

Ará Ṣómólú: Àwọ̀ eérú ńkọ́?

Atúnfóònùṣe Ọ̀tìgbà: Funfun ṣì jẹ́ funfun nínú eérú, ẹ̀gbọ́n. Kò ràn án.

Ará Sùúrùlérè: Èmi kò ríran rárá, VoiceOver inú iPhone mi ló ń ka ohun gbogbo sí mi létí. Bí mo bá fi ìka mẹ́ta kan ojú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ṣókùnkùn, iṣẹ́ yóò sì máa lọ (ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mẹrin bí ẹ bá tan Zoom, èyí tó ń mú ojú fóònù tóbi, pọ̀ mọ́ ọn). Láti Ojúẹlẹ́gbà dé CMS, kò sí ẹni tó lè yọjú ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi nínú dáńfó mọ́. Ó dùn mí pé ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sun bátìrì nítorí ìmọ́lẹ̀ tí n kò lè rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi.

Oníléèsì Balógun: Ẹ kú ìfaradà, sà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti lọ, Android ló sì ń lò. Ṣé ó ní irú rẹ̀?

Atúnfóònùṣe Ọ̀tìgbà: Ó ní i, mà. Nínú àtòjọ TalkBack, èyí tó ń ka ojú fóònù síta lórí Android, ẹ wá ibi tí a ti ń fi ojú fóònù pa mọ́.

Oníléèsì Balógun: Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbà lọ lálẹ́ òní.